Augustínì Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kí ẹ lè gba Bàtísímù, àti ẹ̀yin tí ó ti pẹ́ tí ẹ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà kẹ́yìn, ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan tí òun náà fi ọ̀ràn yìí falẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ni a bí Augustínì ní Tagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjẹ́ríà lónìí. Onígbàgbọ́ ni Mónikà ìyá rẹ̀. Nígbà tí Augustínì di ọmọ ọdún 16, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jí èso igi aládùúgbò kan ká lóru. Ebi kò pa wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n da púpọ̀ nínú rẹ̀ fún.

Ní Carthage, níbi tí ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó ń bá obìnrin kan gbé láìṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Adeodatus. Níbẹ̀ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn Manikéì, ó sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún 9. Wọ́n ń kọ́ni pé ẹ̀dá òkùnkùn kan tí ó wà nínú ènìyàn ni ó ń dẹ́ṣẹ̀, kì í ṣe ènìyàn fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa náà, tí a máa ń di ẹ̀bi wa ru Èṣù àti ọ̀tá ilé. Ẹni tí kò gbà pé òun ni òun ṣẹ̀, kí ni a ó dárí rẹ̀ jì í? Ọlọ́run pàápàá, bí nǹkan ńlá kan tí ó tàn ká gbogbo ayé ni ó rò ó, kì í ṣe bí Bàbá tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀.

Ó lọ sí Róòmù ní 383, ó sì di olùkọ́ ní Mílánì ní 384. Ìwàásù Ambrósì Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, là á lójú. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti tọrọ ìwà mímọ́, ó sì ń bẹ̀rù kí Ọlọ́run má tètè gbọ́. Nítorí ìyàwó tí wọ́n ń wá fún un, wọ́n mú kí ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà. Obìnrin náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn; Augustínì kò lè dúró, ó mú òmíràn. Lójú tiwa, obìnrin náà sàn jù ú lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, bí ó ti ń sunkún nínú ọgbà kan, ó gbọ́ ohùn tí ó dà bí ti ọmọdé tí ń ní kí ó mú ìwé kà. Ó ṣí Ìwé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí àwọn ará Róòmù, iyèméjì rẹ̀ sì tán. Ní òru àìsùn Àjíǹde ọdún 387, Ambrósì fún òun àti ọmọ rẹ̀ ní Bàtísímù. Ní ọdún kan náà ni Mónikà kú; ojú rẹ̀ ti rí ohun tí ó fi omijé tọrọ.

Augustínì padà sílé ní 388, ó di àlùfáà ní 391, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù Hippo. Nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ni ó ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olè èso ọjọ́ kìíní náà wà níbẹ̀.

Ní 430, àwọn ọmọ ogun Vandal yí Hippo ká, àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀. Ó ti tó ọdún 43 tí ó ti gba Bàtísímù. Síbẹ̀, ó ní kí a kọ àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà Dáfídì, kí a sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri tí ó kọjú sí. Fún bí ọjọ́ 10, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé àfi oníṣègùn àti ẹni tí ń gbé oúnjẹ wá. Ó ń kà wọ́n, ó ń sunkún, títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ.