James Sumner, Onímọ̀ Ọlọ́wọ́ Kan

Ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a gbé bí James Batcheller Sumner ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1887. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lọ ṣọdẹ ẹyẹ. Ìbọn ẹnì kejì yìí ṣèèṣì bà á ní apá òsì, àwọn oníṣègùn sì gé apá náà láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Ẹ ro bí èyí yóò ti dun ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi ọwọ́ òsì ṣe ohun gbogbo! Ṣùgbọ́n Sumner fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ iṣẹ́ gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì.

Nígbà tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místírì ní Yunifásítì Harvard, Ọ̀jọ̀gbọ́n Otto Folin gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, nítorí pé iṣẹ́ náà kò ṣe é ṣe fún ọlọ́wọ́ kan. Kò gbà. Ọ̀dọ̀ Folin yìí kan náà ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1914, Yunifásítì Cornell ní ìlú Ithaca sì gbà á ní olùkọ́.

Ní ọdún 1917 ni ó dáwọ́ lé ohun tí àwọn kan kà sí iṣẹ́ òmùgọ̀: ó fẹ́ yọ ẹ́ńsáìmù kan jáde ní ògidì. Ẹ́ńsáìmù ni ohun tí ń mú kí ìyípadà yá kánkán nínú ara ohun abẹ̀mí. Bí a bá jẹ iṣu lẹ́nu pẹ́ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí Sumner ń wá ni urease, tí ń sọ èròjà kan nínú ìtọ̀ di amóníà. Òun ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wà funfun ńlá kan. Yàrá ìwádìí rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ amóhun-tutù, nítorí náà ojú fèrèsé ni ó máa ń gbé omi ẹ̀wà rẹ̀ sí, tí yóò sì máa gbàdúrà kí òtútù mú.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi ṣe èyí. Ní ọdún 1926, ó po ìyẹ̀fun ẹ̀wà náà mọ́ omi tí ó ní acetone nínú, ó sì fi í sílẹ̀ nínú òtútù kí ó máa sẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ó wo ẹ̀kán omi náà kan nínú máíkírósíkóòpù: kírísítálì wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀, bí hóró iyọ̀ tí ń dán. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí tẹlifóònù láti ròyìn fún un. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò, púrótéènì ni wọ́n.

Richard Willstätter ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó ti gba Ẹ̀bùn Nobel, ń kọ́ni pé ẹ́ńsáìmù kì í ṣe púrótéènì; òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba Sumner gbọ́. Àríyànjiyàn náà le. Láti ọdún 1930 ni John Northrop náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ́ńsáìmù inú ikùn di kírísítálì, ọ̀rọ̀ Sumner sì wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1946, ìdajì Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì jẹ́ tirẹ̀. Northrop àti Wendell Stanley pín ìdajì kejì.

Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1955. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo nínú èròjà ẹ́ńsáìmù, wọ́n sì ń fi ìtànṣán X wo kírísítálì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìrísí rẹ̀ yí padà, tàbí ìdí tí ó fi lè fara da ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Urease inú ẹ̀wà Sumner kò tètè jẹ́ kí a rí inú òun: ọdún 2010 ni a tó fi ìtànṣán yìí rí ìtò rẹ̀, pẹ̀lú irin nickel méjì ní ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, irin tí Sumner kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí ó fi kú.