Thomas Ona Odulate, bàbá tó ń gbẹ́ sójà onígi

Sójà oníke tí àbúrò mi kó sínú agolo mílíìkì ló mú mi rántí bàbá yìí. Gbogbo wa la ti ṣeré sójà rí ní Ṣakí níbí, ẹ má purọ́! Ṣùgbọ́n kí oníke tó dé, Yorùbá kan ti ń fi igi gbẹ́ sójà kéékèèké.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Thomas Ona Odulate sí. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1950. Àwọn tó ń rí láyé òyìnbó ló ń gbẹ́: sójà, ọlọ́pàá, àjẹ́lẹ̀ lórí ẹṣin, lọ́yà, míṣọ́nnárì. Ó tiẹ̀ gbẹ́ Ọbabìnrin Victoria! Ọ̀pọ̀ ère rẹ̀ kò ga ju rúlà wa lọ. Yíǹkì pupa àti dúdú ló fi ń kùn wọ́n, pólíìṣì bàtà ló sì fi ń ṣe funfun. Fìlà àti agbòjò wọn, ọ̀tọ̀ ló ń gbẹ́ ẹ.

Àwọn òyìnbó náà ló ń rà á. Àwọn kan ní yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe. Ó sọ fún William Bascom, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, pé bí òun ṣe rí wọn lòun ṣe gbẹ́ wọn. Èmi gbà á gbọ́ o. Orí ńlá, ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni ère ìbejì wa ṣe rí?

Díẹ̀ nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò nìkan lèmi rí. Ti àbúrò mi ní tiẹ̀, gbogbo wọn ló jọra.