Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, Olùkọ́ Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

Bí ènìyàn bá dárúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni ìyá Fẹlá olórin. Àwọn mìíràn a sì rántí pé ó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà tí obìnrin kì í wà á. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé a kì í bèèrè ohun tí ó mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin máa tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ìyá yìí fi di aṣíwájú, láti ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á ti wò ó.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900. Nígbà tí wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, ọmọkùnrin nìkan ni ó wà fún. Ní 1914 ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ọmọbìnrin, Fúnmiláyọ̀ sì wà lára àwọn díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ rò ó wò: kò sí ẹ̀gbọ́n obìnrin kankan níwájú wọn níbẹ̀ tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní 1919 ó lọ sí ìlú Òyìnbó láti kàwé sí i. Kí ó tó padà dé ní 1922, ó ti fi Frances àti Abigail tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, Fúnmiláyọ̀ ni ó ń jẹ́. Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde.

Ní 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta ní 1932. Ní ọdún náà ni òun àti àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀ dá Abẹ́òkúta Ladies' Club sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìránṣọ, oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúàbí. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, ẹgbẹ́ àwọn tí ó rọ́wọ́ họrí ni.

Ní 1944 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Obìnrin ọlọ́jà kan fẹ́ mọ̀wé kà, ó sì wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó sì di kíláàsì àgbà. Lójú tèmi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn ayé rẹ̀. Ẹni tí ó wá kọ́ a, b, d ń gbé ẹjọ́ ọjà wá pẹ̀lú. Àwọn tí ń ta ìrẹsì ròyìn pé, nítorí ogun Hítílà, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsan iye tí ó tọ́. Olùkọ́ wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ náà bá àwọn aláṣẹ jà títí tí wọ́n fi dáwọ́ ìwà náà dúró.

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union, ọlọ́jà àti ọ̀mọ̀wé sì jọ wà nínú rẹ̀. Ìyá Kútì pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ni ó kù. Èdè Yorùbá ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó má bàa sí ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ bí odi.

Owó orí ni ìjà ńlá. Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń dá owó orí tirẹ̀ san. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15, ọmọkùnrin ní 16, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò ní àga kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn agbowó orí a máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti mọ̀ bí ó ti tó san. Mo mọ̀ pé àwọn kan ní Ẹ̀gbá kò fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí títí di òní, wọ́n ní kò yẹ kí á gbógun ti ọba. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìwé kíkọ ti mú wọn kí wọ́n tó jáde. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n ní kí a yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí wọn kò rí ìwé àṣẹ gbà fún ìwọ́de, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe jù ú padà. Ẹ̀kọ́ náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé kankan.

Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tí ó ju 10,000 lọ pé sí iwájú ààfin Aké. Wọ́n kọrin mọ́jú. Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá, òun pẹ̀lú wọn. Ọba padà wálé ní 1950.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ni ó borí. Ó du ìbò, kò wọlé. Ní 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, nítorí pé ó lọ sí Ṣáínà àti ilẹ̀ àwọn kọ́múníìsì. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin ní 1970.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé e wá sin, sínú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé òkú rẹ̀.