Alexander Fleming

Ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Scotland ni Fleming. A bí i ní 1881. Nígbà ogun 1914, dókítà ni. Ó rí àwọn ọmọ ogun tí egbò wọn ń kẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí wọ́n fi kú.

Ní 1928, ní London, ebu hù nínú àwo kòkòrò àrùn rẹ̀. Àwọn kòkòrò ẹ̀gbẹ́ ebu náà kú. Ibẹ̀ ni pẹnisilíìnì ti wá.

Òun àti ẹni méjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ó kìlọ̀ pé bí oògùn kò bá tó, kòkòrò yóò kọ́ láti borí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra hóró méjì ní ọjà, ẹ gbọ́?

Ó kú ní 1955. Ní 1978 ni a tó mọ ohun tí Clostridioides difficile ń ṣe: bí oògùn bá pa kòkòrò rere inú ìfun aláìsàn, òun a gba ibẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru a bẹ̀rẹ̀. Dókítà a dá oògùn náà dúró, a fi vancomycin wò ó.