Wilhelm Röntgen, Ẹni Tó Rí X-ray

Ikọ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Àmì kan tí a kò wá ló yọ nínú àwòrán àyà mi. Dókítà ní kí n padà wá. Ẹ̀rù bà mí. Ìtàn Röntgen ló kì mí láyà.

Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1845. Ní Würzburg, ní 8 November 1895, ó fi páálí dúdú bo ẹ̀rọ rẹ̀, síbẹ̀ ìwé kan tí a fi kẹ́míkà pa ń tàn nínú òkùnkùn. Kò fojú fò ó. Ó tọpa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí ó fi ya egungun ọwọ́ aya rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1901, ó sì fi owó rẹ̀ ta yunifásítì rẹ̀ lọ́rẹ. Ó kú ní 1923.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá rí ohun tí a kò wá, ẹ jẹ́ ká wá ìdí rẹ̀. Èmi ti padà lọ.