Robert H. Goddard

Robert Hutchings Goddard (5 Oṣù Kẹwàá 1882 – 10 Oṣù Kẹjọ 1945) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti olùpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó mú kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lo epo olómi gbéra sókè.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bí i. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé-ìwé déédéé, ìwé kíkà ni ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní 19 Oṣù Kẹwàá 1899, ó gun igi ṣẹ́rì kan láti gé ẹ̀ka rẹ̀, níbẹ̀ ni èrò nípa ohun tó lè gbé ènìyàn dé Mars ti wá sí i lọ́kàn. Ọdọọdún ni ó ń ṣe ìrántí ọjọ́ náà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Clark ní 1911, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní 1913.

Ọ́ksíjìn olómi

Ẹ̀tù ni àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ń jó. Goddard rí i pé epo olómi lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù kò lè jó láìsí ọ́ksíjìn. Kí ọ́ksíjìn tó lè gba inú àgbá kékeré, wọ́n ní láti sọ ọ́ di omi, omi ọ̀hún sì tutù ju yìnyín lọ fíìfíì: ní ìwọ̀n Celsius 183 nísàlẹ̀ òdo ni ó ti ń hó.

Inú ìyẹ̀wù ìjóná ni ìṣòro wà. Omi tútù yìí ń tú wọlé láti ojú ihò tóóró; ó gbọ́dọ̀ fọ́n ká, kí ó pò mọ́ epo, kí ó sì gbiná kíákíá. Bí kò bá pò dáadáa, iná lè dojú kọ ògiri irin, kí ó sì yọ́ ọ. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni àwọn ẹlẹ́rọ fi ń ṣe àfarawé ìṣàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gé irin. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ìtẹ̀ inú wọn kọjá nǹkan bí ìlọ́po 50 ti afẹ́fẹ́ ayé, ọ́ksíjìn tó bá móoru kì í fọ́ sí ẹ̀kán mọ́. Ṣe ni ó ń yòrò bíi gáàsì tó ki. Ìṣirò irú èyí kò rọrùn rárá. Goddard kò ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó bá jóná ni ó fi ń kọ́gbọ́n. Ní 1923 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dán ẹ́ńjìnnì ọ́ksíjìn olómi wò. Nígbà tó yá, ó ń fọ́n epo sára ògiri ìyẹ̀wù bí aṣọ ìkélé, kí iná má baà kàn án.

Ní 16 Oṣù Kẹta 1926, ní oko ìbátan rẹ̀ Effie Ward ní Auburn, rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fò fún ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 41, ó sì já lulẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 184 sí ibi tó ti gbéra. Esther, aya rẹ̀, gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà ti dákẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra.

Ẹ̀sín àti ìpamọ́

Ní Oṣù Kìíní 1920, ìwé ìròyìn New York Times fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kò mọ̀ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní rí ohun tì níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ìwé ìròyìn náà ni kò mọ̀, nítorí Goddard ti dán an wò nínú ọ̀pá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni ó ti túbọ̀ ń pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ariwo àyẹ̀wò 1929 dẹ́rù ba àwọn aládùúgbò, Charles Lindbergh bá a wá owó lọ́dọ̀ ìdílé Guggenheim, ó sì kó lọ sí Roswell ní New Mexico ní 1930. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ga ju kìlómítà 2 lọ níbẹ̀ ní 1937. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ni ó bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rọ ń pawọ́ pọ̀ ṣe V-2 ní Jámánì; ìpamọ́ yìí dá a dúró ju àìrówó lọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Jẹjẹrẹ ọ̀fun ni ó pa á ní Baltimore. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ 214 tó jẹ́ tirẹ̀, 131 ni ó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, nípa akitiyan Esther. Ní 1960, ìjọba Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 1 dọ́là nítorí pé wọ́n ti lo àwọn ìhùmọ̀ náà. Ní 17 Oṣù Keje 1969, ọjọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, New York Times tẹ àtúnṣe ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1920 jáde.