Sà John Wilson, Afọ́jú tí ó Ṣiṣẹ́ fún Ojú Àwọn Tálákà

Ọmọ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni John Wilson, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1919. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ohun tí wọ́n ń dánwò ní kíláàsì bú gbàmù, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́. Síbẹ̀ ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Oxford.

Ní 1946 ó rìn ká Áfíríkà láti wo ipò àwọn afọ́jú, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì bá tí fọ́jú bí ìtọ́jú bá tètè dé. Ní 1950 ó dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Sightsavers nísinsìnyí sílẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé òun àti Jean aya rẹ̀ lọ gbé ní Nakong, abúlé kan ní àríwá Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana, láàrin àwọn tí àrùn ti fọ́ lójú. Kòkòrò dúdú kékeré etí odò tí ń sáré ni ó ń fà á: bí ó bá bu ènìyàn jẹ, aràn a wọ inú ara, ara a máa yún, àwọn ọmọ aràn a sì dé ojú. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa mọ ìyà yìí. Jean ni ó sọ ọ́ ní ìfọ́jú odò.

Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn rẹ̀, Mectizan, tọrẹ; ẹgbẹ́ Wilson sì ràn wá lọ́wọ́ láti pín in ní Nàìjíríà. Wilson kú ní 1999, láìtún ríran.